Bí O Ṣe Lè Bá Àwọn Ará Ṣáínà Dòwò: Ìtàn Wọn, Iyì Ojú àti Òǹtẹ̀ Pupa

Ẹni tó fẹ́ lọ dòwò ní Ṣáínà sábà máa ń kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ìdí tábìlì: ọwọ́ méjì ni kí o fi gba káàdì, má gún igi ìjẹun dúró sínú ìrẹsì, má fi aago ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Kò burú. Ṣùgbọ́n a ò tíì gbọ́ nípa ilé iṣẹ́ tó kó ọjà burúkú fún oníbàárà nítorí pé kò mọ igi ìjẹun lò. Ohun tó ń da owó nù ni kéèyàn má mọ ìdí tí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Kí ló dé tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí iṣẹ́ ti bàjẹ́? Kí ló dé tó buwọ́ lu ìwé tán tó tún fẹ́ ká jọ tún un sọ? Kí ló dé tí bébà tí kò ní òǹtẹ̀ pupa kò fi jọ ọ́ lójú? Inú ìtàn ni púpọ̀ nínú ìdáhùn wà.

Ìtàn díẹ̀ tó yẹ kí o gbé dání

Láti 1757 títí di 1842, Guangzhou nìkan ni ìjọba àwọn ọba Qing gbà kí àwọn oníṣòwò Yúróòpù tó ń gba ojú òkun wá máa ná. Níbẹ̀ náà, àlejò kò lè bá ẹni tó wù ú tajà. Àwọn oníṣòwò mélòó kan tí ìjọba fún láṣẹ ló ń dúró fún un, àwọn náà ni ìjọba sì máa ń mú bí àlejò bá dáràn. Títí dòní, àlejò tí ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ mú wá ń rí ojú rere ju ẹni tó kàn fi íméèlì kan ilẹ̀kùn lọ. Tí o bá mọ ẹnikẹ́ni tó ti bá ilé iṣẹ́ náà rajà rí, jẹ́ kí ó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ fún wọn.

Ní 1839, Lin Zexu, aṣojú ọba, pa opíọ́ọ̀mù tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọ̀lú run ní Humen. Ọkọ̀ ogun ni Gẹ̀ẹ́sì fi fèsì. Àdéhùn Nanjing ti 1842 gba Hong Kong lọ́wọ́ Ṣáínà, ó sọ Ṣáínà di ẹni tó ń san mílíọ̀nù 21 dọ́là fàdákà, ó sì fipá ṣí èbúté márùn-ún: Guangzhou, Xiamen, Fuzhou, Ningbo àti Shanghai. Japan gba Taiwan ní 1895, ó gba àríwá ìlà-oòrùn ní 1931, ó sì pa àwọn ará Nanjing nípakúpa ní December 1937. Gbogbo àsìkò yìí, títí di 1949, ni wọ́n ń pè ní ọgọ́rùn-ún ọdún ìtìjú, gbogbo ọmọ ilé ìwé ló sì ń kọ́ ọ. Nítorí náà, àlejò tó ń lu tábìlì, tó ń halẹ̀, tó ń sọ pé “níbi tí mo ti wá, a kì í ṣe é báyìí,” ń fọwọ́ kan egbò tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ìbínú rẹ kò ní mú kí wọ́n yára. Ńṣe ni wọ́n á dákẹ́, tí wọ́n á sì máa wá bí wọn á ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Lẹ́yìn 1949, ìjọba gba òwò lọ́wọ́ àwọn aládàáni. Ìyàn ńlá tẹ̀ lé Ìgbésẹ̀ Ńlá, ètò tí ìjọba fi fẹ́ mú kí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ilé iṣẹ́ yára gbèrú, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, rúkèrúdò Ìyípadà Àṣà sì gbòde láti 1966 dé 1976. Ọmọ ń fẹjọ́ òbí sùn, oníṣòwò sì di ọ̀tá ìlú. Ẹni tó ti tó ọmọ ọdún 65 lónìí gbé inú rẹ̀ dàgbà. Ohun tí ìgbà yẹn kọ́ wọn ni pé òfin lè yí padà mọ́jú, ṣùgbọ́n ẹbí, ọmọ ìlú ẹni àti ẹni tí a jọ jókòó ní kíláàsì kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní guanxi ti lágbára tó bẹ́ẹ̀. Gbèsè oore ni: mo ṣe fún ọ, wàá ṣe fún mi, a kì í sì í san án tán.

Ní December 1978 ni Deng Xiaoping, aṣáájú ìlú nígbà náà, àti àwọn tó tẹ̀ lé e ṣílẹ̀kùn ìlú fún òwò. Ní 1980, wọ́n ya Shenzhen, Zhuhai, Shantou àti Xiamen sọ́tọ̀ fún òwò pẹ̀lú àlejò. Ní December 11, 2001, Ṣáínà wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO. Ọ̀gá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lónìí lè ti bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ tó ń bójú tó ọjà ilẹ̀ òkèèrè lè ti kàwé ní Ọsirélíà. Bàbá fẹ́ ká jẹun ká tó sọ̀rọ̀, ọmọ fẹ́ kí o fi fáìlì ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Àwọn méjèèjì lè jókòó sínú yàrá kan náà. Ọmọ ló máa bá ọ sọ̀rọ̀, bàbá ló máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wo ojú bàbá.

Kí o tó sọ̀rọ̀ owó, mọ ẹni tó o ń bá sọ ọ́

Béèrè ìwé àṣẹ òwò wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní 营业执照. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi hàn ọ́, má bá a lọ síwájú. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí káàdì àti wẹ́ẹ̀bù kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin. Orúkọ tí wọ́n fi ìkọ̀wé Ṣáínà kọ nìkan ni ìjọba mọ̀. Lórí ìwé náà, nọ́ńbà kan wà tí àmì rẹ̀ jẹ́ 18. Tẹ̀ ẹ́ sórí gsxt.gov.cn, tí í ṣe ojúlé ìjọba, kí o sì yẹ nǹkan mẹ́rin wò:

- Ṣé ilé iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè? 存续 túmọ̀ sí pé ó wà. 注销 ni pé wọ́n ti pa á rẹ́. 吊销 ni pé ìjọba ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀.
- Ta ni aṣojú tí òfin mọ̀ (法定代表人)? Òun ni ìbuwọ́lù rẹ̀ lè de ilé iṣẹ́ náà.
- Irú òwò wo ni wọ́n gbà fún wọn? Bí o bá rí 生产 tàbí 制造, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ọjà. Bó bá jẹ́ 贸易 tàbí 销售 nìkan lo rí, alárinà ni wọ́n, kódà bí wọ́n fi àwòrán ilé iṣẹ́ ńlá hàn ọ́.
- Ọdún wo ni wọ́n dá a sílẹ̀? Ilé iṣẹ́ oṣù mẹ́fà tó ń sọ pé òun ti ń kó ọjà ránṣẹ́ fún ogún ọdún ní láti ṣàlàyé.

Alárinà kì í ṣe ọ̀tá o. Tí o bá fẹ́ ra ọjà wẹ́wẹ́ oríṣi ọgbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, alárinà rere ní Yiwu á sàn fún ọ ju ilé iṣẹ́ ọgbọ̀n lọ. Kí o ṣáà mọ ẹni tó jẹ́.

Ṣáínà a máa kó irú ọjà kan jọ sí ìlú kan, nítorí náà má wá iná ìtànná ní Shanghai. Guzhen ní Zhongshan ni ti iná, Lecong ní Foshan ni ti àga àti bẹ́ẹ̀dì, Keqiao ní Shaoxing ni ti aṣọ, Huaqiangbei ní Shenzhen ni ti ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti fóònù. Àfihàn ọjà ńlá ti Guangzhou, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìrúwé àti ní ìwọ́wé. Ìpín mẹ́ta ló máa ń ní, oríṣi ọjà sì yàtọ̀ láti ìpín dé ìpín. Ẹni tó bá dé ní ìpín tí kì í ṣe tirẹ̀ á kàn rìn kiri ni.

Orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú. Bí káàdì bá kọ Wang sí ìbẹ̀rẹ̀, Wang ni orúkọ ìdílé, ọ̀gá pátápátá sì ni wọ́n ń pè ní Wang zong. Má pe ọ̀gá lórúkọ gan-an bí ẹni pe ọmọdé. Obìnrin kì í gba orúkọ ọkọ rẹ̀, nítorí náà má fi orúkọ ọkọ pe ìyàwó.

“Bẹ́ẹ̀ ni” tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni

Iyì ojú ni wọ́n ń pè ní mianzi, ẹni tó sì dàgbà sínú àṣà tí wọ́n ti ń bẹ̀rù kí àgbà má tẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú òwò. Ẹni tí o bá bi ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè tì í lójú kò ní sọ pé rárá. Ó lè sọ pé àwọn máa “yanjiu yanjiu” ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni pé àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí kò dá ọjọ́, rárá nìyẹn. “Bu fangbian,” pé kò rọrùn, rárá ni. “Chabuduo,” pé ó kù díẹ̀, túmọ̀ sí pé kò rí bí o ṣe ní kó rí. “Mei wenti,” kò sí ìṣòro, ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù jù bó bá jáde kó tó di pé o parí ìbéèrè rẹ.

Má bèèrè pé “Ṣé ẹ lè ṣe é?” Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Bèèrè pé: ẹ̀rọ wo lẹ máa fi ṣe é, mélòó ló ń jáde lóòjọ́, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń ra ohun èlò, ọjọ́ wo ni ohun èlò máa dé? Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á dáhùn wẹ́rẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da tíì sínú ife rẹ.

Bákan náà ni nínú ìná ọjà. Tí o bá tẹ iye mọ́lẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti lè jèrè, wọn kì í sábà sọ pé kò ṣeé ṣe, pàápàá tí o bá sọ ọ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Wọ́n á gbà. Lẹ́yìn náà ni irin á fẹ́lẹ́ sí i, tí wáyà á kéré, tí páálí tó yẹ kó ní ìpele márùn-ún á di mẹ́ta. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ọjà àkọ́kọ́ dára, ìkẹta ti ń rọ̀, ìkarùn-ún bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n bá dín iye kù, béèrè lójúkojú pé, “Kí ló yí padà nínú ọjà náà?” kí o sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.

Bí àṣìṣe bá wà, pe ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fún un ní ọ̀nà àbáyọ: sọ pé o mọ̀ pé ohun èlò wọ́n, tàbí pé àwòrán tí o fi ránṣẹ́ kò ṣe kedere tó. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín nígbà náà kì í ṣe ẹ̀gàn, ìtìjú ni wọ́n fi ń bò.

Oúnjẹ, ọtí, ẹ̀bùn

Dúró kí wọ́n fi àga hàn ọ́. Àga tó dojú kọ ilẹ̀kùn kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kàn lè jókòó sí, ti ẹni pàtàkì ni. Ẹni tó pe ni ló ń sanwó, má bá a jà pé kí ẹ pín in. Ìwọ náà pè é lọ́jọ́ mìíràn. Baijiu, ọtí funfun wọn, le gan-an: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ọtí líle tó ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí o kò bá ní mu ún, kọ̀ ọ́ láti ife àkọ́kọ́, kí o sì dárúkọ dókítà. Kíkọ ife kẹta lẹ́yìn tí o ti mu méjì ló ń dunni. Bí ẹ bá ń kan ife mọ́ra, jẹ́ kí ẹnu ife tìrẹ wà nísàlẹ̀ ti àgbà.

Nǹkan kékeré tó ti ìlú rẹ wá tó ní ẹ̀bùn. Aago, agbòjò àti èso pia kò dára, nítorí ìró orúkọ wọn bá ti ìsìnkú àti ìpínyà mu; mẹ́rin náà ń dún bí ikú. Mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́. Àmọ́ má fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ohunkóhun. Láti December 2012 tí Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti gbé òfin mẹ́jọ lórí ìwà àwọn olóyè rẹ̀ jáde ni ẹ̀bùn ti di ewu fún ẹni tó ń gbà á, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sì ń ránni lẹ́wọ̀n.

Kàlẹ́ńdà tó ń ba ọjà jẹ́

Ọdún tuntun wọn máa ń bọ́ sáàárín January 21 sí February 20. Ní 2027, February 6 ni. Ní 2028, January 26. Ìsinmi tí ìjọba fún wọn kò ju ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lọ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ máa ń ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ìgbèríko wá ń padà sílé. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdílé tí wọ́n ń pè ní hukou, tí òfin rẹ̀ ti wà láti 1958, ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn fi ọmọ sílẹ̀ lábúlé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn mìíràn ń rí wọn. Kò sí owó tí wàá fi dá wọn dúró.

San owó àsansílẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú ọdún náà, kí o sì ní kí ọjà kúrò ní ilé iṣẹ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ló burú jù: wọ́n ń kánjú, àyè sì ń wọ́n nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ kì í padà wá lẹ́yìn ìsinmi, nítorí náà ọwọ́ tuntun ló ń ṣe ọjà àkọ́kọ́ lọ́dún. Yẹ ọjà yẹn wò lẹ́ẹ̀mejì. October 1 sí 7 náà jẹ́ ìsinmi.

Ìwé àdéhùn àti òǹtẹ̀

Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń rò pé níwọ̀n bí guanxi ti wà, ìwé kò ṣe pàtàkì. Irọ́ ni. Ẹni tí o bá ní guanxi pẹ̀lú á gbé fóònù rẹ. Òǹtẹ̀ ni ilé ẹjọ́ máa wò.

Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ jẹ́ róbótó, pupa, ìràwọ̀ sábà máa ń wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ti gbogbogbòò ni 公章. Ti ìwé àdéhùn ni 合同专用章. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí o gbà. Òǹtẹ̀ ìṣúnná owó tàbí ti risiti kò tó. Fi orúkọ tó wà nínú òǹtẹ̀ wé ti ìwé àṣẹ òwò, lẹ́tà kan sí èkejì. Bí ìwé bá ju ojú ewé kan lọ, ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí etí gbogbo bébà náà pa pọ̀ kó lè kan ojú ewé kọ̀ọ̀kan (骑缝章), kí ẹnikẹ́ni má lè yọ ojú ewé kan kó fi òmíràn rọ́pò. Agbára òǹtẹ̀ pọ̀ débi pé ní April 2020, nínú ìjà lórí ẹni tó máa darí Dangdang, ilé iṣẹ́ tó ń tàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Li Guoqing tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ wọ ọ́fíìsì, ó sì kó àwọn òǹtẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí èdè Ṣáínà jẹ́ èdè tó lágbára jù nínú ìwé náà, kí òfin Ṣáínà máa ṣàkóso rẹ̀, kí ẹjọ́ sì wà ní ilé ẹjọ́ ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà tàbí lọ́dọ̀ àwọn onílàjà CIETAC, àjọ tó ń parí aáwọ̀ òwò, ní Beijing. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé ká gba ẹjọ́ lọ sí ilé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni dúkìá wọn wà, ó sì ṣòro gan-an kí ilé ẹjọ́ Ṣáínà tó mú ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè ṣẹ. Kọ owó ìtanràn ìfalẹ̀ sínú rẹ̀ ní iye tó mọ́gbọ́n dání, bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀. Bó bá ga ju àdánù rẹ lọ fíìfíì, ilé ẹjọ́ lè dín in kù.

Ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ méjì tí ìró wọn jẹ́ ọ̀kan náà, dingjin. 定金 ni èyí tí òfin dáàbò bò: bí ilé iṣẹ́ bá yẹ àdéhùn, ìlọ́po méjì ni wọ́n á dá padà; bí ìwọ ló yẹ̀ ẹ́, o ti pàdánù rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà lọ. 订金 kàn jẹ́ owó ìṣáájú lásán.

Kí àwòrán àmì ọjà rẹ tó dé ọwọ́ ilé iṣẹ́ kankan, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣáínà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló ni ín níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ lò ó. Ẹni tó bá gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́ lè ní kí aṣọ́bodè dá ọjà tìrẹ fúnra rẹ dúró ní èbúté. Ọdún 10 ni ìforúkọsílẹ̀ ń lò kó tó di pé o sọ ọ́ dọ̀tun.

Lójú ọ̀nà

Físà M ni ti òwò. Bí o bá dé sí ilé ẹnì kan dípò òtẹ́ẹ̀lì, o gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. WhatsApp, Gmail, Google àti Facebook kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. WeChat, áàpù ìfiránṣẹ́ wọn, ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan, títí kan fífi ìwé ọjà ránṣẹ́, nítorí náà máa fi ohun pàtàkì pa mọ́ síbòmíràn. So káàdì báńkì rẹ mọ́ Alipay tàbí WeChat Pay, tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù, kí o tó gbéra. Wọ́n ń yọ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìsanwó tó bá ju 200 yuan lọ.

Má dá ọ̀rọ̀ Taiwan, Tibet, Xinjiang tàbí June 1989 (nígbà tí ọmọ ogun yìnbọn pa àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Beijing) sílẹ̀. Wo ìwé ọjà àti wẹ́ẹ̀bù rẹ náà: ní January 2018, wọ́n ti wẹ́ẹ̀bù Marriott, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, pa ní Ṣáínà fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ó to Taiwan, Tibet, Hong Kong àti Macau mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè. Bí máàpù bá wà lára páálí ọjà rẹ, yọ ọ́.

Sáńpù, ayẹ̀wò, owó

Buwọ́ lu sáńpù mẹ́ta tó dọ́gba: ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún ilé iṣẹ́, ọ̀kan fún ẹni tó máa yẹ ọjà wò. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà ń gbà ṣáájú (ìdá 20 péré nínú rẹ̀ ló lè jẹ́ 定金), ìdá 70 lẹ́yìn ayẹ̀wò, kí ọjà tó kúrò. Ayẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti di ó kéré tán ìdá 80 ọjà náà sínú páálí, kí aṣàyẹ̀wò fúnra rẹ̀ sì yan páálí tó máa ṣí. Bí ọjà bá jẹ́ 2,000, ìlànà tó wọ́pọ̀ ní kó mú 125. Tí àbùkù ńlá bá ti di 8, tàbí àbùkù kékeré di 11, kí o kọ̀ ọ́. Kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé àdéhùn, kó má di àríyànjiyàn nígbà tó bá yá.

Orúkọ àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá orúkọ inú òǹtẹ̀ mu. Bí wọ́n bá ní kí o san án sí ilé iṣẹ́ wọn ní Hong Kong, kí orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì náà wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù. Má sanwó sí àkáǹtì ènìyàn lásán. Íméèlì tó bá sọ pé àkáǹtì ti yí padà, pe ọ̀gá lórí fídíò kí o rí ojú rẹ̀ kó tó di pé o san kọ́bọ̀. Àwọn olè máa ń wọ inú íméèlì àwọn òṣìṣẹ́.

Bí ọjà bá wá dé pẹ̀lú àbùkù, fi àwòrán àti iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá nìkan, má fi sínú ẹgbẹ́ WeChat tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Má kọ́kọ́ ní kí ó dá owó padà. Ní kí ó yọ iye náà kúrò nínú ọjà tó kàn, nítorí èyí kò ní tẹ́ ẹ, ó sì rọrùn fún un láti gbà. Fún un ní ọjọ́ kan pàtó. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kí agbẹjọ́rò tó wà ní ìlú rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i ní èdè Ṣáínà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà lórí rẹ̀.